Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Ń Béèrè ní Ìlú Ojúlarí

Ẹ fún mi láyè kí n jókòó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ pé jọ síbí, nítorí ìtàn tí mo gbé dání lónìí kì í ṣe èyí tí a ń lóṣòó sọ. Ẹ mọ̀ mí. Ogójì ọdún ni mo fi gbé ìbọn ká igbó yìí kiri, iwin tí ó bá sì rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, òun ni yóò kọ́kọ́ yà fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́jìnmí ni, ọdẹ ìlú Òkè-Ìṣapá, ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́, ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ó ti ń sọ ọ́. Bí mo bá bù lé e, díẹ̀ ni.

Ọdẹ́jìnmí kì í ṣe ọdẹ aláǹgbá. Ó ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta, òun àti ẹkùn sì ti wo ojú ara wọn rí títí ẹkùn fi rántí pé òun ní nǹkan ṣe nílé. Ohun kan ni apá rẹ̀ kò ká, ìyẹn ni ojú Adépèlé ìyàwó rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú obìnrin náà, tí kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Láàárín ọdún mẹ́ta náà ni Abíọ́nà, ọmọ wọn, bí ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ fún wọn. Adépèlé a máa gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, a máa fi ìka wá imú rẹ̀ àti ètè rẹ̀, a sì máa sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ọmọ yìí kí òun tó kú. Ọ̀rọ̀ náà a máa dun ọkùnrin náà dé inú egungun.

Ní ọjọ́ kan ní àkókò ọyẹ́, Ọdẹ́jìnmí àti Ìgè wà nínú igbó. Àbúrò rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ọdẹ ni Ìgè, ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sì ti jọ ń dẹ̀gbẹ́. Wọ́n rí àpótí kan nídìí igi ayùnrẹ́. Ojú kan ṣoṣo ni àpótí náà ní, ojú náà fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, dígí sì ni. Tẹlifíṣọ̀n ni, ṣùgbọ́n kò ní wáyà, kò lo iná, kò sì sí ilé-iṣẹ́ ayé yìí tí ó ṣe irú rẹ̀. Wọ́n gbé e dé gbàgede ọba. Bí wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ ni ó lajú, iwin kan tí ó wọ agbádá dígí sì yọ nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn.

Iwin náà ní òun ni atọ́kùn eré ìdíje ní Ìlú Ojúlarí, lẹ́yìn igbó àwọn iwin. Ó ní ẹ̀bùn ọdún yìí ni omi tí ń la ojú tó ti fọ́, ẹ̀kán méjì péré, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún ojú òsì. Ẹni méjì ni kí ó wá. Wọn yóò gba ìlú méjì kọjá, wọn yóò ṣe eré tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ó ní gbogbo Òkè-Ìṣapá yóò máa wò wọ́n nínú àpótí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọdẹ́jìnmí kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ó mú Ìgè lọ sílé, ó ní kí Adépèlé jókòó kó gbọ́.

"Ìgè, o mọ ohun tí mò ń wá láti ọdún mẹ́ta. Ṣé wàá bá mi lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó tún yẹ kẹ́ ẹ bi mí ni? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ìbọn. Omi yẹn, ti ìyá wa ni. Èmi kàn fẹ́ bá yín lọ kí ọ̀nà má baà gùn jù ni."

Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó fi ahọ́n kan irin rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ọdẹ láàárín wa mọ̀ pé ìbúra Ògún nìyẹn, kò ṣe é yẹ̀. Adépèlé gbàdúrà fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì kọrí sí igbó.

N kò ní fi ìrìn dá yín lágara. Ẹ̀gún gún wọn, ejò yà fún wọn. Egbére kan bá wọn sunkún títí ó fi gbàgbé ẹní rẹ̀ sílẹ̀. Ìgè ní kí àwọn máa gbé e lọ, nítorí ẹni tó bá gba ẹní egbére kò ní rí ìṣẹ́ mọ́ láyé. Ọdẹ́jìnmí kọ̀ jálẹ̀, ó sá tẹ̀lé egbére, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ẹní yín." Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Èmi ìbá ti ká ẹní náà sábẹ́ apá, n kò ní parọ́ fún yín.

Ìlú Ateríba ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ẹ kò tíì rí ìlú tó létò báyẹn rí. Bí ọmọdé bá rí àgbà ní ogún ìṣísẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀. Bí àgbà bá rí ìjòyè, ó ti forí kan ilẹ̀, ìjòyè fúnra rẹ̀ sì ń tẹrí ba fún ajá ọba. Kò sí ẹni tí ń gbóhùn sókè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, gbogbo wọn a lọ jókòó síwájú àpótí, wọn a máa wo eré wọn. Igi gbọọrọ kan ni wọ́n fi epo pa, wọ́n gbé e dábùú lókè ẹrẹ̀. Wọn a ní kí adájọ́ àgbà wọ aṣọ oyè, kó gbé ìkòkò ẹ̀kọ lérí, kó máa rìn lórí igi náà, kó sì máa fi ohùn rara jẹ́wọ́ ohun tó ń tì í lójú. Bí ó bá ti já lulẹ̀, gbogbo ìlú a fi ẹ̀rín pa ara wọn. Nígbà tí eré bá parí, adájọ́ a lọ wẹ̀, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ọdẹ́jìnmí gun igi náà. Ọmọ tí ń rìn lórí ẹ̀ka igi láti kékeré, kò ṣubú. Wọ́n ní kó jẹ́wọ́, ó ní ọdẹ kì í tú àṣírí ara rẹ̀ fún ẹran. Àwọn iwin pòṣé sí i. Ó kan Ìgè, Ìgè kò gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ó fi já lulẹ̀, ẹ̀kọ dà sí i lára látorí dé ọmú. Ó dìde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́nu, ó ní òun ti yìnbọn pa ewúrẹ́ ìyá ìyàwó òun rí, òun ṣe bí ẹtu ni, òun sì bá wọn wá a kiri ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn iwin rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi dákú. Wọ́n ní nítorí Ìgè, kí àwọn méjèèjì máa kọjá lọ.

Ìyá arúgbó iwin kan ń nu omijé ẹ̀rín lójú. Ó sọ fún Ọdẹ́jìnmí pé, "Àlejò, má fajú ro. Ìlú tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àgbà rẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀, níbo lo fẹ́ kí ẹ̀rín náà gbà? Eré tí ìlú kan bá fẹ́ràn, ohun tí wọ́n ń gbé mì ló wà nínú rẹ̀."

Ọdẹ́jìnmí ní ọ̀rọ̀ rírùn ni. Ìgè ní tirẹ̀ ń rò ó lọ lójú ọ̀nà.

Ìlú Amọ̀tán ló tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ pé òun kò mọ nǹkan ní ìlú yìí. Bí o bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, yóò nawọ́ sí apá ibì kan, yóò sì fi ìgboyà rán ọ lọ sínú kànga. Ìbéèrè ni eré wọn. Orí àga tí ó fì lórí ihò ìjàlọ ni wọ́n gbé àwọn ọdẹ méjì náà sí, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìlú mẹ́rin, iwin kan tí ó ní orí àkùkọ sì ń bi wọ́n.

Ó ní, "Kí ni à ń fún ẹlòmíràn láti òwúrọ̀ dé àṣálẹ́, tí a sì ń gbé odidi rẹ̀ padà sílé?"

Ìgè ní ọgbọ́n ni. Àga rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìkíni ni. Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni mo ti ń kí ènìyàn, kò tíì tán lẹ́nu mi." Àkùkọ kọ, ó gbà á. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, mo ti mọ̀ ọ́n kí ó tó béèrè tán, ṣùgbọ́n wọn kò pè mí.

Iwin náà wá béèrè pé irun mélòó ló wà lórí ìyá òun. Àwọn ọmọ ìlú sáré dáhùn, ẹnì kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ẹnì kan ní irinwó ó lé méjì, òmíràn ní òun kà á lánàá. Wọ́n bi Ọdẹ́jìnmí. Ó ní, "N kò mọ̀ ọ́n. N kò tíì bá ìyá yín pàdé rí, ẹ bá mi kí wọn." Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe eré náà, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ rí lójú àpótí. Àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ní àwọn náà kò mọ̀ ọ́n, ó ti pẹ́ tó ti ń dun àwọn. Wọ́n gbé Ọdẹ́jìnmí lérí, wọ́n sin òun àti Ìgè jáde nílùú.

Inú Ọdẹ́jìnmí dùn. Ó ń sọ lójú ọ̀nà pé, "Ìgè, ṣé o rí i? Ìwà ẹ̀kọ́ ilé tí a ti mú wá ló ń la ọ̀nà fún wa. Kò sí ibi tí kì í báni dé." Ìgè ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.

Báyìí ni wọ́n dé Ìlú Ojúlarí. Gbogbo ilé ibẹ̀, dígí ni, gbogbo ará ibẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́jìnmí wo atọ́kùn náà dáadáa, ó rí i pé wọ́n fi òwú rán ẹ̀rín mọ́ ọn lẹ́nu ni. Wọ́n gbé iyán àti ẹran ìgalà wá, Ọdẹ́jìnmí sì dìde, ó ń kí àwọn tó gbé oúnjẹ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè àlàáfíà ọmọ wọn. Ìgè jókòó ti atọ́kùn ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú wọn wọ gbọ̀ngàn tí iwin kún dẹ́múdẹ́mú. Wọ́n fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú àgọ́ dígí tirẹ̀, tí kò fi lè gbọ́ ohùn ẹnì kejì. Láàárín àgọ́ méjèèjì ni àdó kékeré kan wà, ẹ̀kán omi méjì náà sì ń dán nínú rẹ̀.

Atọ́kùn ní, "Òfin kò pọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì yóò dárúkọ ẹni tó ni omi yìí. Orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá wù yín ni ẹ lè pè. Bí orúkọ méjèèjì bá bára mu, ẹni náà ló ni ín. Bí wọn kò bá bára mu, ilẹ̀ ni yóò mu ún."

Ẹ dúró díẹ̀ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin àlejò àárín wa. Ní Òkè-Ìṣapá, bí ọdẹ méjì bá jọ pa ẹran, tí wọ́n gbé e wá síwájú ọba, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọba ń béèrè ẹni tó ni ín. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n á ní àbúrò òun ló ni ín. Ní ìgbà kejì, àbúrò á ní àgbẹdọ̀, ẹ̀gbọ́n òun ni. Ní ìgbà kẹta ni wọ́n ń sọ òtítọ́, tí wọ́n á sì pín ẹran. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ tàbí ará ilé rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, ojú tì í títí ayé nìyẹn, wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Ọdẹ́jìnmí kò tíì gbé níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́nà mìíràn rí.

Atọ́kùn yíjú sí i. "Ọdẹ́jìnmí ọmọ Òkè-Ìṣapá, ta ló ni omi yìí?"

Ọkùnrin náà rántí pé gbogbo ilé ń wo òun. Ó tún ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́, ó sì fi ohùn àgbà sọ ọ́. "Àbúrò mi ni. Ìgè ló ni ín."

Ó dúró, ó ń retí ìbéèrè kejì. Ó rí i pé ètè Ìgè mì nínú àgọ́ kejì. Agogo dún, ilẹ̀kùn àgọ́ méjèèjì ṣí, atọ́kùn sì kéde pé orúkọ méjèèjì ti bára mu. Ó gbé àdó lé Ìgè lọ́wọ́.

"Ẹ kò tíì béèrè tán," Ọdẹ́jìnmí sọ fún un.

"Bàbá, a ti béèrè."

"Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọdẹ́jìnmí wo Ìgè, ó ń retí kó sọ fún wọn pé àṣìṣe ni. Ìgè ń wo àdó ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Eré ni."

"O fi ahọ́n kan irin, Ìgè."

"Mo bi atọ́kùn lánàá, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kí àwọn tó gbé oúnjẹ wá. Mo ní ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n máa béèrè. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀yin ò béèrè."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ìgè fi àdó náà sí àpò. Ó ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bá yín ru ẹran wọ̀lú, orúkọ yín ni wọ́n ń pè. Ẹ gbà pé ti ẹ̀ẹ̀kan yìí, tèmi ni." Wọ́n gbé e gun ẹyẹ onírin kan tí wọ́n fi ń gbé olúborí relé, ó sì fò lọ.

Ẹsẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí fi rìn. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni ó fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú igbó, tí ó ń sunkún bí ó ti ń rìn, ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí ẹfọ̀n kàn án níhà. Kì í ṣe omi nìkan ló ń dùn ún. Ẹni tí ó kọ́ níṣẹ́, tí ó mọ ọ̀rọ̀ tí yóò ti ẹnu ọ̀gá rẹ̀ jáde kí ọ̀gá tó la ẹnu, ohun tí ó mọ̀ yẹn ló fi mú un. Ohun kan ṣoṣo ló ń tù ú nínú. Ó ní gbogbo Òkè-Ìṣapá ló rí i. Ó ní kí òun tó délé, wọ́n á ti lé Ìgè kúrò nílùú, wọ́n á sì ti gba omi náà fún Adépèlé.

Odò ẹ̀yìn ìlú ló kọ́kọ́ kàn. Obìnrin méjì ń pọn omi níbẹ̀, àwọn méjèèjì nawọ́ sí igbá kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní, "Ìgè ló ni ín," èkejì sì rẹ́rìn-ín títí igbá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò rí ọkùnrin náà. Ní ẹnu bodè, àwọn tó ń ta ayò ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá jẹ ayò, wọ́n á ní Ìgè ló ni ín. Nígbà tí wọ́n rí Ọdẹ́jìnmí, wọ́n dìde, wọ́n kí i kú àbọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì di ẹnu mú nítorí ẹ̀rín. Ọkùnrin kan tí ó ti jẹ ẹran ọdẹ rẹ̀ láìmọye ìgbà sọ fún un pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, baba. Ẹ ò gbọ́n tó Ìgè ni."

Ó lọ bá ọba. Ọba wo ojú rẹ̀ tààrà, Ọdẹ́jìnmí sì rí i pé ẹyinjú kábíyèsí tí ó ti ń ṣókùnkùn láti ọjọ́ pípẹ́ ti mọ́ gaara. Ìgè ti gbé ẹ̀kán méjèèjì fún un, ọba sì ti fi í jẹ olórí ọdẹ.

"Kábíyèsí, àṣà wa ni mo tẹ̀ lé. Níwájú yín gan-an ni a ti ń ṣe é."

"Àṣà wa ni lóòótọ́," ni ọba wí. "Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ìgbà tí ẹnì kan bá ré e kọjá ni yóò dùn ún wò tó báyẹn. Gbogbo wa la dìde lórí ìjókòó. Má bínú, Ọdẹ́jìnmí, eré ni."

Ọdẹ́jìnmí rántí ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó iwin, tí ó pè ní ọ̀rọ̀ rírùn ní Ìlú Ateríba. Ó jáde láàfin láìkí ẹnikẹ́ni, ó gba ilé lọ.

Adépèlé jókòó síwájú ilé, ó ń fi ọwọ́ wá ẹ̀gúsí nínú igbá, ó ń bó o. Ọdẹ́jìnmí wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá Abíọ́nà, Ìgè dalẹ̀ mi."

"Ẹ kú àbọ̀. Mo gbọ́."

"Níwájú rẹ ló ti fi ahọ́n kan irin."

"Mo gbọ́ ìyẹn náà."

"Gbogbo ìlú ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Obìnrin náà bó ẹ̀gúsí kan sí i, ó jù ú sínú àwo. Ó ní, "Nídìí àpótí yẹn ni wọ́n gbé mi jókòó sí lọ́jọ́ náà. N kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohùn yín ń dún bí ẹni pé ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Iwin yẹn ní kẹ́ ẹ pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá wù yín. Mo wá jókòó dáadáa, Bàbá Abíọ́nà. Mo tún gèlè mi wé, nítorí mo rò pé ẹ máa pè mí."

Ọdẹ́jìnmí ní, "Mo rò pé wọ́n á tún béèrè ni. O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé yìí. N kò lè máa pe ará ilé mi ní ìgbà àkọ́kọ́ lójú gbogbo ayé. Ọmọlúàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ojú mi lẹ fi ṣe ọmọlúàbí."

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ìgè gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin náà fi ohun tí kì í ṣe tiyín tọrẹ. Èmi ni mo ni ín, ẹ̀yin méjèèjì ò sì pè mí."

Ọdẹ́jìnmí tí ó ti rin ọjọ́ mọ́kànlá kó lè rí ẹnì kan tí yóò bá a bínú sí Ìgè, jókòó síbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń bó ẹ̀gúsí.

Ibi tí ọ̀gá mi bá ìtàn náà dé kí ó tó dákẹ́ nìyẹn, n kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Ó ti kúrò lẹ́nu mi. Ẹ máa lọ sílé, kí ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó yín.